Òdòdó Ojú-Màlúù Lórí Sàréè Orrin

11 Òkúdù

Yìnyín ti yọ́ tán ní Pápá Cutler, ó ku ti abẹ́ àpáta lápá àríwá nìkan. Mo gòkè lọ lẹ́yìn kọfí, mo kọ́kọ́ yà sí sàréè Orrin, ọkọ mi. Èṣí mi ò débẹ̀ rárá nítorí iṣẹ́ abẹ orúnkún mi. Ewé ti bò ó dáadáa, inú mi sì dùn pé ohun tí mo fọ́n síbẹ̀ hù. Òdòdó etí-ìbaaka ti tanná, gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ti di àwọ̀ ìyeyè. Òdòdó kọ́lọ́mbáìnì ṣì ń kó ewé jọ.

Ẹ̀yìn ọgbà ìsìnkú ni ayọ̀ mi parí sí. Mo rí ewé kan tí etí rẹ̀ rí wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ bí eyín ayùn. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fà á tu, mo gbóòórùn gbòǹgbò rẹ̀. Déésì ojú-màlúù ni, èpò àjèjì. Kì í ṣe ẹyọ kan, kì í ṣe ogún. Ó tẹ́ bí ẹní láti ẹ̀yìn ọgbà ìsìnkú títí dé etí odò.

Mi ò lè jẹun ọ̀sán.

13 Òkúdù

Mo pe Paszek, ọmọbìnrin tó ń rí sí ọ̀rọ̀ èpò fún ìjọba ìbílẹ̀. Ó sàn kó gbọ́ lẹ́nu mi ju kó gbọ́ níta lọ. Ó rin pápá náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń kọ nǹkan sínú ìwé. Nígbà tó padà dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó ṣí fìlà.

"Màmá Nedra, ẹ má bínú sí mi o. Oògùn ló máa gbà."

"Oògùn wo? Èyí tó ń pa gbogbo nǹkan?"

"Kì í pa koríko, mà."

"Ṣé koríko làwọn èèyàn ń gun òkè wá wò?"

Ó ní bí ojú-màlúù bá fi lè so lọ́dún yìí, pápá náà ti bọ́ lọ́wọ́ wa nìyẹn, nítorí kì í bá ẹnikẹ́ni pín ilẹ̀. Nínú òdòdó òkè wa, lúpìnì á lọ, búrọ́ọ̀ṣì-pupa á lọ, kọ́lọ́mbáìnì á lọ. Oògùn á sì kó gbogbo wọn lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Mo ní kó fún mi láyè kí n fi ọwọ́ tu ú.

"Ẹ̀yin nìkan?"

"Ṣé o rí ẹlòmíì níbí ni?"

Ọjọ́ kejìlá oṣù Ògún ló dá fún mi. Lọ́jọ́ náà á rin pápá já. Bí ojú-màlúù tó bá rí kò bá ju ogún lọ, ọkọ̀ oògùn ò ní í gòkè. Bí ó bá ju ogún lọ, á gòkè lọ́jọ́ kejì.

14 Òkúdù

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni Orrin fi wa ọkọ̀ agékoríko ìjọba lójú ọ̀nà yìí. Kò fìgbà kan gé kọ́nà tí kọ́lọ́mbáìnì ń hù sí kí àárín oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ tó dé, kí èso rẹ̀ tó já sílẹ̀ tán. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kọ ìwé ìbáwí sí i. Ó fi ọ̀kan nu gíláàsì ọkọ̀. Mi ò ní í jẹ́ kí wọ́n da májèlé sí ẹsẹ̀ sàréè ọkùnrin yẹn.

16 Òkúdù

Eloy Archuleta dé pẹ̀lú búrítò méjì, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí a ká mọ́ ẹyin, àti fọ́ọ̀kì ìwalẹ̀ kan. Òun àti Orrin ni wọ́n jọ ń wa ọkọ̀ akóyìnyín nígbà òtútù. Ìyàwó ló ń pè mí láti ọjọ́ ìgbéyàwó èmi àti Orrin, kò sì sẹ́ni tó lè gbà á lẹ́nu rẹ̀.

"Ìyàwó, orúnkún ẹ ńkọ́?"

"Ó wà níbi tó wà."

"Ṣé òun náà mọ̀ pé òkè lẹ ń lọ?"

Etí odò la ti bẹ̀rẹ̀, kí a máa bọ̀ lókè díẹ̀díẹ̀. Mo sọ fún un pé mo mọ ibi tí èpò yìí ti wá. Ilé onígíláàsì yẹn ni, tí Pruitt, ará Texas, kọ́ sódìkejì ọ̀nà. Irú wọn ló máa ń ra òdòdó wá láti ibi tí Ọlọ́run nìkan mọ̀. Eloy ń ha ẹrẹ̀ kúrò ní bàtà rẹ̀, ó sì pẹ́ gan-an lórí bàtà yẹn.

20 Òkúdù

Mo kọ lẹ́tà sí Pruitt. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi dúró lẹ́yìn káńtà ilé ìfìwéránṣẹ́. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà tí kò ní èébú kankan nínú tó sì máa dunni wọra.

24 Òkúdù

Kò sí òjò. Èéfín iná igbó ń bọ̀ láti ìwọ̀ oòrùn, a ò rí orí òkè. Ilẹ̀ le, gbòǹgbò ń já sílẹ̀, èyí tó bá sì já á tún padà hù. Àpò ìdalẹ̀nù ti di dọ́là méjìdínlógún. Òdòdó ojú-màlúù àkọ́kọ́ là lónìí. Ó rẹwà, ìyẹn ló tiẹ̀ ń bí mi nínú: funfun nigínnigín, ìyeyè láàárín. Bí a bá fà á tu tí a jù ú sílẹ̀, ibi tó sùn sí náà ni yóò ti gbó tí yóò sì so. Àfi kó wọ àpò, kí a so ẹnu rẹ̀ pinpin.

Mi ò tíì tún yà sí sàréè. Orúnkún ni.

29 Òkúdù

Pruitt wá pẹ̀lú lẹ́tà mi lọ́wọ́. Ó ga, ó sì ní láti ṣí fìlà kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà mi wọlé.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà yín. Ìgbà kẹta ni mo tó mọ̀ pé ẹ ń bú mi."

Ó fi ìwé ibi tó ti rajà hàn mí. Koríko nìkan ló rà. Ó ní ìyàwó òun kì í fara da òdòdó, pé ó máa ń mú un sín títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo ní ó dáa, mo gbọ́, àmọ́ mi ò gbà á gbọ́. Ó ní, "Ẹ ṣá fún mi ní àpò kan."

Wákàtí méjì lẹ́yìn náà ó gbé àpò kíkún dé, òógùn ti bo aṣọ rẹ̀. Mo wo inú àpò. Ìbátan déésì ló kún ibẹ̀, aláwọ̀ elésè-àlùkò tó ti wà lórí òkè yìí kí baba ńlá ẹnikẹ́ni nínú wa tó débẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Pruitt, ọmọ onílẹ̀ lẹ lé jáde yìí o! Ẹ fi àjèjì sílẹ̀ nínú ilé!"

"Ṣebí gbogbo wọn ló ní ojú ìyeyè?"

Eloy rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Mo fi ewé tó leyín hàn ọkùnrin náà. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́, lọ́tẹ̀ yìí ó ṣe é dáadáa.

3 Agẹmọ

Ìbọ̀wọ́ mi ti ya. Mo lọ wá ti Orrin nínú dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀, èyí tí mi ò ṣí láti ìgbà ìsìnkú rẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Lábẹ́ ìbọ̀wọ́ ni mo ti rí wọn: àpò ìwé pẹlẹbẹ mẹ́jọ, àwòrán rẹ̀ lójú ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú fìlà iṣẹ́ lórí. Lábẹ́ àwòrán ni wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ tí mo yàn fún wọn sí: "Ibi tó bá wù yín ni kí ẹ gbìn mí sí." Èso òdòdó igbó ló wà nínú wọn. Ọgọ́ta ni mo ní kí wọ́n ṣe. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń fi wọ́n lé àwọn èèyàn lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo wọ dígí, mo yí ọ̀kan sẹ́yìn. Lẹ́tà ẹ̀yìn rẹ̀ kéré bí eèrà. Orúkọ òdòdó mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹta ni déésì ojú-màlúù.

Èmi ni mo yàn án nínú ìwé ọjà. Mi ò ka ẹ̀yìn nǹkan kan lọ́sẹ̀ yẹn. Orí sàréè ni mo fọ́n tèmi sí, atẹ́gùn sì gbé e lọ sí pápá. Mo rí ewé yẹn lórí rẹ̀ ní ọjọ́ kọkànlá oṣù tó kọjá, mo ní inú mi dùn. Mo sì ti ń fi orúnkún bojú láti ìgbà náà. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé, èmi wá gbé tèmi lé ará Texas lórí.

4 Agẹmọ

Wọn ò yin iná aláràbarà tọdún òmìnira, igbó ti gbẹ jù. Mi ò jáde.

6 Agẹmọ

Mo sọ fún Eloy. Ó gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀.

"Mo ti mọ̀ láti èṣí, ìyàwó."

"O mọ̀, o wá dákẹ́?"

"Ìwọ náà rò ó wò. Ta ló fẹ́ lọ bá opó pé ọkọ ẹ̀ ti di èpò?"

Mo bú u. Mo bú u dáadáa. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín gba àwa méjèèjì, ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín, ẹ̀rín mi sì di ẹkún. Ó dúró tì mí títí mo fi ṣe tán. Ó wá ní, "Àpò mélòó lo pín?" Mo ní mọ́kànléláàádọ́ta. Ó fi ọwọ́ lé orí.

7 Agẹmọ

Mo yan páì èso ṣẹ́rì, mo gbé e lọ bẹ Pruitt. Ó ti lẹ lẹ́tà mi mọ́ ara fíríìjì wọn.

"Ṣé kí n dá a padà ni, mà?"

Mo ní kó fi í síbẹ̀, kó lè máa rán mi létí. Ìyàwó rẹ̀ sín lẹ́ẹ̀mẹrin kí n tó jókòó, mo rò pé páì ni.

12 Agẹmọ

Ìwé tí àwọn àlejò fọwọ́ sí níbi ìsìnkú ni mo ń tẹ̀lé, láti ojúlé dé ojúlé. Ọ̀rọ̀ kan náà ni mo ń sọ: ẹ jọ̀ọ́, òdòdó ọkọ mi tí mo fún yín, ẹ jẹ́ n tu ú. Ìtìjú rẹ̀ dínkù lẹ́yìn ilé kẹwàá. Àwọn mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kò tiẹ̀ gbìn ín. Ó wà nínú ọkọ̀, nínú Bíbélì, lórí fíríìjì. Kí Ọlọ́run bù kún àwọn ọ̀lẹ. Pásítọ̀ gbin tiẹ̀ sí iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti dé ojú àtẹ̀gùn. Ó bá mi wa ilẹ̀, ó ní òun máa fi ṣe ìwàásù. Mo ní kó má dárúkọ mi.

Ó ku ẹnì kan, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ fi í sí ìparí.

14 Agẹmọ

Thora, ẹ̀gbọ́n Orrin, ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Ọgbà rẹ̀ àti pápá, wáyà kan péré ló là wọ́n láàárín. Ojú-màlúù tó wà níbẹ̀ ga dé ìbàdí mi, ó tò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà. Ó gbé àga síwájú wọn, ife kọfí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń bá Orrin sọ̀rọ̀ láràárọ̀, gbogbo ìlú ló mọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìjókòó."

"Mo ti gbọ́ ohun tó o bá wá. Rárá."

"Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé..."

"Ìwọ lo fún mi, Nedra. O fi lé mi lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, o ní ibi tó bá wù mí. Ibí ló wù mí."

"Èpò ni, Ẹ̀gbọ́n. Ó máa jẹ pápá Orrin tán."

"Èmi ni mo kọ́ ọmọ yẹn ní ìrìn. Mi ò ní í fi ọwọ́ ara mi fà á tu. Máa lọ sílé."

Mo lọ sílé.

19 Agẹmọ

Òjò dé! Àrá láti aago méjì títí di mẹ́rin. Ilẹ̀ rọ̀, gbòǹgbò ń jáde lódindi. Àpò mọ́kànlá láàárín èmi, Eloy àti Pruitt. Kọ́lọ́mbáìnì ti tanná ní kọ́nà, aró lẹ́yìn, funfun níwájú.

21 Agẹmọ

Òdòdó orí-erin ti yọ lẹ́bàá odò, pẹ̀lú ọwọ́jà wọn kéékèèké. Ìka mi wú.

27 Agẹmọ

Paszek yà láti wo ibi tí a dé. Ó ní òun ò gbà pé ọwọ́ ló ṣe é. Ó wá na ìka sókè. "Ẹ ti fo ọgbà ìyá yẹn. Ẹ sì fo sàréè kan, mà." Kò mọ ti ta ni. Mo ní ìyẹn ló máa kẹ́yìn.

2 Ògún

Mo padà lọ bá Thora, mo bẹ̀ ẹ́, mo tiẹ̀ kúnlẹ̀ lórí orúnkún burúkú yìí. Ó gbé ife kọfí rẹ̀ sílẹ̀.

"Èmi náà gun òkè lánàá. Eloy ló fi ọkọ̀ gbé mi. Mo dé orí sàréè rẹ̀. Funfun báyìí! O ti tu ti gbogbo ìlú, Nedra. Tìẹ dà?"

Òótọ́ ni. Mo ti wọ ogójì ilé, mo ti ní kí àwọn èèyàn fa ọkọ mi tu, èmi nìkan ni mi ò tíì fà á.

4 Ògún

Mo ṣe é lónìí. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo débẹ̀, mo rò pé èmi nìkan ni. Thora ti wà níbẹ̀, lórí àga rẹ̀, aṣọ òtútù lọ́rùn.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti apá ẹsẹ̀ sàréè. Òdòdó náà mọ́ roro nínú ìrì, mo sì ń sunkún bí mo ti ń fà á, mi ò nu ún. Mo bá Orrin sọ̀rọ̀. Mo ní bó bá jẹ́ pé òun ló kù, òun ì bá ka ẹ̀yìn ìwé yẹn kí ó tó ra ohunkóhun. Àpò mẹ́ta kún. Nígbà tí mo dé ibi òkúta, orúkọ rẹ̀ jáde, mo sì rí i pé ó ti pẹ́ tí mo ti kà á kẹ́yìn.

Ilẹ̀ dúdú ló kù. Ó rí bí ọjọ́ tí a sin ín gan-an.

Thora dìde, ó di ọ̀pá rẹ̀ mú.

"Lọ́la," ó ní. "Mú fọ́ọ̀kì wá. Kí ẹnì kankan má tẹ̀ lé ọ."

5 Ògún

Àwa méjì nìkan. Èmi ń fà, òun ń so ẹnu àpò. Lẹ́ẹ̀kan ó ní: "Ọmọ yẹn kì í wẹ ẹsẹ̀ kó tó sùn." A rẹ́rìn-ín díẹ̀. Gbogbo wáyà ọgbà rẹ̀ mọ́ ní aago mẹ́rin.

9 Ògún

Yìnyín wẹ́wẹ́ já, ó lu lúpìnì mọ́lẹ̀. Ojú-màlúù mẹ́fà tuntun ni mo rí létí odò. Ẹ̀rù bà mí.

12 Ògún

Paszek dé ní aago mẹ́jọ pẹ̀lú àsíá pupa kéékèèké nínú àpò. Èyíkéyìí tó bá rí, á fi àsíá kan tì í, á kà á sókè. Èmi, Eloy àti Pruitt ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ọmọ iléèwé tó ń dúró de èsì ìdánwò. Etí odò, méje. Abẹ́ àpáta, ó di mọ́kànlá. Ẹ̀gbẹ́ wáyà Thora, ó di méjìlá. Ẹ̀yìn ọgbà ìsìnkú, márùndínlógún, mẹ́tàdínlógún, mọ́kàndínlógún. Ibi tó kù kò ju sàréè Orrin lọ.

Thora jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta. Paszek yí sàréè ká, kò rí nǹkan. Ó dúró.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde díẹ̀."

"Ẹsẹ̀ ń dùn mí."

"Ẹ̀gbọ́n," mo ní.

"Mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí."

Eloy fún un lọ́wọ́. Ó dìde, ó ń ráhùn. Lábẹ́ àga náà ni ó wà, ẹyọ òdòdó kan ṣoṣo, funfun, ó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọ̀kan péré ni mo fẹ́ fi pamọ́," Thora ní. Ohùn rẹ̀ kéré gan-an. Mi ò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí.

Paszek fi àsíá tì í. "Ogún," ó ní. Ó wo ìwé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. "Mi ò sọ pé kó má pé ogún. Mo ní kó má ju ogún lọ."

Pruitt ju fìlà rẹ̀ sókè, kò sì mú un mọ́. Mo jókòó sílẹ̀. Thora bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó pẹ́ kí ó tó délẹ̀, ó fa ìkẹyìn yẹn tu tòun ti gbòǹgbò rẹ̀, ó sì sọ ọ́ sínú àpò.

Kí Paszek tó lọ ó ní èso èpò yìí lè sùn nínú ilẹ̀ fún ogún ọdún kó tó hù. Ọdọọdún ni a ó máa tu ú. Mo ṣírò rẹ̀, màá ti di ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún. Bí iṣẹ́ ò bá pẹ́ni, a kì í pẹ́ iṣẹ́.

17 Ọ̀wẹwẹ̀

Òtútù ti dé lórí òkè. Ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wa ọkọ̀ agékoríko ò tíì gé kọ́nà kọ́lọ́mbáìnì. Eloy ti lọ bá a sọ̀rọ̀, mi ò bèèrè ohun tó sọ. Èmi àti Thora lọ gbọn èso níbẹ̀, ìwọ̀nba ẹ̀kúnwọ́ kan, dúdú, ó ń dán. Mo ti sun èso inú àpò ìwé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ nínú sítóòfù, mo pa ìwé kan mọ́. Inú rẹ̀ la kó kọ́lọ́mbáìnì sí. Orrin ń wò wá láti abẹ́ fìlà rẹ̀.

Thora gba àpò náà lọ́wọ́ mi. Ó ka ohun tí mo ní kí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán, ó bèèrè bíírò. Ó fa ìlà gba orí "Ibi tó bá wù yín," ó sì fi lẹ́tà gàdàgbà rẹ̀ kọ sábẹ́ rẹ̀: "Orí sàréè nìkan."

A fọ́n ọn sí orí sàréè ní ọ̀sán. Ó máa tó ọdún mẹ́ta kí ó tó tanná. Thora ní òun máa dúró dè é.